Akọrin ń lọ, akọrin ń bọ̀, ẹgbẹ́ Brand New Heavies ò tú

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ olórin kan ṣe lágbára tó, ọjọ́ tí ẹni tó ń kọrin fún wọn bá di ẹrù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń tú ká. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ London kan tí wọ́n ń pè ní Brand New Heavies fi máa ń yà mí lẹ́nu.

Ealing, ní ìwọ̀-oòrùn London, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985. Àwọn mẹ́ta ni òpó ilé: Jan Kincaid ń lulù, Andrew Levy ń ta jìtá béèsì, Simon Bartholomew ń ta jìtá. Lásìkò tí ẹ̀rọ ń lulù nínú ọ̀pọ̀ orin tó gbòde, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń lu fọ́ńkì, irú èyí tí James Brown sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Wọ́n wá fi jáàsì sí i, ohun tí wọ́n ń pè ní acid jazz nìyẹn.

Ọdún 1990 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Jaye Ella Ruth ló kọrin inú ẹ̀. Kò pẹ́ tíyẹn fi lọ. Iléeṣẹ́ Delicious Vinyl ní Amẹ́ríkà bá wọn mú N'Dea Davenport wá, ọmọ Atlanta. Lọ́dún 1991, "Never Stop" dé ipò kẹta lórí àtẹ orin R&B ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1994, "Brother Sister" dé ipò kẹrin ní Britain. Àbúrò bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ibẹ̀ lèmi ti mọ̀ wọ́n. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, N'Dea gan-an ni Brand New Heavies.

Àfi bí N'Dea ṣe lọ o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nígbà tá a wà ní Pólì, èmi náà ń ta jìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ kan. Àwa ọkùnrin mẹ́ta ń lulù, a ń ta jìtá, ọmọbìnrin kan ló ń kọrin. Ìgbéyàwó o, ọjọ́ ìbí o, wọ́n ń pè wá. Bí físà Kánádà ọmọ náà ṣe jáde báyìí, oṣù kan ò pé tá a fi tú. A ò jà, a kàn ò rí ara wa mọ́ ni. Lóṣù tó kọjá, ẹni tó ń lulù fún wa pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká tún gbìyànjú ẹ̀ wò?" Mo ní, "Ta ló máa kọrin?"

Àwọn ọmọ Ealing ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́. Siedah Garrett ni wọ́n mú, ẹni tó bá Michael Jackson kọ "I Just Can't Stop Loving You". Òun ló kọrin inú àwo "Shelter" lọ́dún 1997, tí orin Carole King tí wọ́n tún kọ, "You've Got a Friend", sì wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Britain. Lọ́dún 1999, ó kan Carleen Anderson. Kálukú kọ ọ́ bí ohùn tiẹ̀ ṣe rí. Ìlù àti béèsì ò yẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, á bá ilé lórí ìdúró. N'Dea fúnra ẹ̀ padà wá lọ́dún 2006, wọ́n jọ ṣe "Get Used to It".

Mi ò ní purọ́ fún yín pé òpó kì í yẹ̀. Kincaid náà padà lọ, òun àti Dawn Joseph dá MF Robots sílẹ̀, àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2018. Síbẹ̀, lọ́dún 2019, Levy àti Bartholomew gbé "TBNH" jáde, wọ́n sì ké sí N'Dea kó wá kọrin níbẹ̀.

Mo ti fún onílù wa lésì. Mo ní kó mú ọ̀pá ìlù ẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlù àti béèsì ṣì gbọ́ra wọn yé. Bí ilé bá dúró, ẹni tó máa kọrin á kanlẹ̀kùn.