Wọ́n ní emèrè ni, àṣé etí ló ń dun ọmọ náà

Nǹkan bí aago méjì òru ni igbe tún sọ nínú ilé kan ní Ìgándò. Kì í ṣe irú ẹkún tí àwọn ayálégbé mọ̀ mọ ọmọdé o. Igbe oró ni, ọmọ náà sì ń fi orí gbá ògiri, gbì, gbì, gbì. Ọmọ ọdún méje ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìyá tàbí bàbá rí. Òru kẹta rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó ń wa kórópe láti Ìkòtún sí Ìgándò, kò fojú kan oorun, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ààbọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti wà ní gáréèjì. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti sunkún títí omijé fi gbẹ lójú ẹ̀. Orúkọ wọn kò kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn lóru ọjọ́ náà kan ọ̀pọ̀ ìyá tó wà ní Alímòṣọ́.

Ìyá ọkọ tó wá kí wọn láti ìlú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyàwó, mo ti sọ fún ẹ, o ò gbọ́. Emèrè lọmọ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá a jà. Tílẹ̀ bá ti mọ́, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tí mo sọ. Ibẹ̀ ló máa wà títí tí yóò fi sọ̀rọ̀.”

Aránṣọ náà kò lè dá màmá lóhùn. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní “ibẹ̀ ló máa wà.” Ó ti fojú ara rẹ̀ rí ọmọ kan rí, tí wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ òpó ní irú ibi bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ń tú u sílẹ̀. Kì í sì í ṣe àhesọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ní ilé àdúrà, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, àní nílé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Ọmọdé wà lára wọn.

“Mo ti gbọ́, Màmá,” lobìnrin náà wí. Ló bá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán.

Kí ni fóònù fẹ́ ṣe lọ́rọ̀ emèrè? Ìtàn ọ̀hún gùn díẹ̀.

Nígbà tọ́mọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, fóònù ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tó bá ti gbé kátúùnù sí i lọ́wọ́, pẹ̀sẹ̀ ni, aránṣọ á sì rí àyè rán aṣọ oníbàárà. Àwọn aládùúgbò a máa ní, “Ọmọ yín mà gbọ́n o, ẹ wò ó bó ṣe ń tẹ fóònù.” Inú ìyá ẹ̀ á máa dùn. Àṣé iná ń jó lábẹ́ aṣọ. Lọ́dún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, àti pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ti ọmọ yìí máa ń tó wákàtí márùn-ún. Kì í ṣe fóònù ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ o, ṣùgbọ́n fóònù gba àwọn wákàtí tí ẹnì kan ì bá fi jókòó tì í. Nígbà tó fi máa pé ọdún márùn-ún, kò sọ̀rọ̀, kì í wo ojú èèyàn, tí wọ́n bá sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ogun ni.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló dá ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò gbọ́ rí: autism. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kì í ranni, bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba nǹkan wọlé ló yàtọ̀. Ó ní lọ́dún 1943 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, ní Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó ń ṣe báyìí. Ìyẹn ni pé àwọn òyìnbó náà ń bí wọn. Ọ̀rọ̀ náà tu ìyá nínú díẹ̀, àmọ́ nígbà tó délé, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún?

Wàhálà wá ku ti ilé ìwé. Ilé ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un lọ kò gbà á ju ọ̀sẹ̀ méjì. Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì ní, “Madam, ẹ máa mú un lọ, àwọn òbí yòókù ń bínú.” Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn akanda ẹ̀dá lọ́dún 2011. Ààrẹ Muhammadu Buhari náà fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìyẹn ló sì sọ pé akanda ẹ̀dá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọkọ̀ wá sí Ìgándò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Alímòṣọ́ nìkan ní èèyàn 1,277,714, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o l'Ékòó. Àwọn ilé ìwé akanda ọmọ táyé mọ̀ wá jìnnà. Pacelli tàwọn afọ́jú àti Wesley tàwọn adití wà ní Sùúrùlérè, Modupe Cole wà l'Ákọkà. Ẹni tó ń gbé Ìgándò, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ ṣí, ìgbà wo ló fẹ́ gbọ́mọ dé Akọkà kó tún padà?

Oníbàárà kan ló júwe tíṣà kan fún un l'Ẹ́gbẹ́dá, obìnrin tó kàwé jáde ní Federal College of Education (Special) tó wà nílùú Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà akanda ọmọ láti ọdún 1977. Aránṣọ náà rò pé áàpù kan ni tíṣà máa fi sórí fóònù, tọ́mọ á sì máa gbọ́n lọ fúnra ẹ̀. Ohun tí tíṣà kọ́kọ́ sọ ya á lẹ́nu.

Ó ní, “Màmá, ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ná.”

Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi lo fóònù rárá. Fọ́tò ni wọ́n ń lò, fọ́tò ife omi, fọ́tò bisikíìtì, fọ́tò bọ́ọ̀lù, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí. Bọ́mọ bá mú páálí omi léni lọ́wọ́, kíá, wọ́n á fún un lómi. Ọgbọ́n yìí ti wà tipẹ́. Andy Bondy àti Lori Frost ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1985 ní ìpínlẹ̀ Delaware l'Ámẹ́ríkà. Ìgbà tí ọmọ náà mọ̀ pé tí òun bá fún èèyàn ní àwòrán, èèyàn á ṣe nǹkan fún òun, ìgbà yẹn gan-an ni tíṣà ní kí wọ́n gbé fóònù wá.

Áàpù tí òkìkí ẹ̀ kàn jù fún irú iṣẹ́ yìí ni Proloquo2Go, tó jáde lọ́dún 2009. Ọmọ á tẹ àwòrán, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde. Àmọ́ iPhone àti iPad ló wà fún, owó rẹ̀ sì lé ní igba dọ́là. Aránṣọ wo? Tíṣà wá fi ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ hàn án, Cboard ni wọ́n ń pè é, àjọ UNICEF wà lára àwọn tó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Android lásán.

Ibi tí nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́ rèé. Ohùn òyìnbó ló ń jáde nínú ẹ̀rọ. Ọmọ á tẹ omi, ẹ̀rọ á ní “wọ́rà.” Ọmọ náà á wo fóònù, á wo ìyá ẹ̀, á sì gbá fóònù dànù. Ta ló ń pe omi ní wọ́rà nílé wọn? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, omi ló ń gbọ́. Tíṣà ní kó gbohùn ara rẹ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ti dákẹ́, aránṣọ jókòó sórí ibùsùn, ó ń sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Omi. Búrẹ́dì. Mo fẹ́ tọ̀. Ó ti tó. Mi ò fẹ́.” Ó ya fọ́tò ife tiwọn gan-an, ife róbà aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti kán.

Kò yá o. Oṣù kan kọjá, ọmọ kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣeré ni. Tíṣà ti kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti ojú fóònù mọ́ orí áàpù kan ṣoṣo, kí ọmọ má baà gba ẹ̀yìn sá lọ sídìí kátúùnù. Ó ní àwòrán méjì péré ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ohun tọ́mọ fẹ́ràn àti ohun tí kò kà sí. Ó ní ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níṣojú ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì dá a lẹ́bi tó bá ṣì í.

Fóònù kan ṣoṣo sì rèé, tí àwọn oníbàárà ń fi sítáì ránṣẹ́ sí. Ọjọ́ kan, nígbà tó ń kọ́mọ, ìpè aṣọ ẹbí ogún èèyàn wọlé, kò gbé e. Kó tó pè padà, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ọkọ rẹ̀ fárí gá. “Ṣé fóònù la fẹ́ jẹ ni?” Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ tó kù díẹ̀ kí iná dé, ọmọ náà rìn wá sídìí máṣíìnì, ó fa fóònù mọ́ra, ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde: “Omi.” Ọmọ náà sì dúró, ó ń retí. Bàbá rẹ̀ tó ń jẹun lọ́wọ́ ló sáré lọ bu omi wá. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gba Computer Village n'Íkẹjà lọ, ó ra àlòkù fóònù tí ojú ẹ̀ ti sán wá fọ́mọ. Ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí nìyẹn.

Inú ìyá àgbà kò dùn sí i láti ìgbà tó ti dé. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ló máa sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé ẹni tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀, kí ló tún fẹ́ fi ẹnu ṣe? Èèyàn púpọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jọ lọ́dún 2006, wọ́n sì rí i pé àwòrán àti ẹ̀rọ kì í dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́, ó tilẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ kan.

Lóru ọjọ́ yẹn, aránṣọ ṣí ojú ìwé tí òun àti tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe parí: orí, eyín, etí, ikùn, ẹsẹ̀. Ọmọ náà gbá fóònù dànù. Ìyá rẹ̀ mú un padà, ó tẹ ikùn níṣojú ẹ̀. “Inú ń run mí.” Ọmọ tún gbá a. Ìgbà kẹta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó na ìka kan.

“Etí ń dùn mí,” ni ohùn ìyá rẹ̀ wí látinú fóònù.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. “Etí ń dùn mí.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò yé tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, etí ọ̀tún ti wú, ó pọ́n koko.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wòlíì ni kórópe náà kọrí sí, ọsibítù ni. Ohun tí dókítà yọ jáde nínú etí ọmọ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan, irú èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ léèsì oníbàárà. Ibi tó ti ń ṣeré lábẹ́ máṣíìnì ló ti rí i. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó bú sẹ́kún. Gbogbo òru mẹ́ta yẹn, ọmọ náà kò bá ẹgbẹ́ kankan jà, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń bá jà, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ìyá àgbà kò tọrọ àforíjì. Àgbà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Lálẹ́ ọjọ́ kejì ló kàn gbá gèlè ẹ̀ wé dáadáa, ó jókòó ti ìyàwó, ó ní, “Tèmi ńkọ́? Ibo lẹ fi tèmi sí nínú nǹkan yẹn?” Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú ẹ̀ pé, “Ìyá àgbà rèé o.”

Títí di òní, ọmọ náà kò tíì fi ẹnu sọ̀rọ̀. Dókítà kò ṣèlérí, tíṣà náà kò ṣèlérí. Àwòrán tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti lé ní ogójì, ó sì ń dójú ti “Mi ò fẹ́” ju gbogbo wọn lọ, pàápàá tó bá di ọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, tí àwọn NEPA bá mú iná lọ, ìyá àgbà á pè láti ìlú. Kì í béèrè jẹnẹrétọ̀, kì í béèrè owó. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ìyàwó, ṣé ẹ ti ṣáàjì ohùn ọmọ mi?”