TÁYÀ TÍ KÌ Í JẸ EPO: KÍ NI ÀWỌN DẸ́RẸ́BÀ Ń SỌ LÁTI ÌWÓ ROAD DÉ BERGER?

Bí ẹ bá dé gáréèjì láyé ìsinsìnyí, tí ẹ dákẹ́ tí ẹ fetí sí àwọn dẹ́rẹ́bà, ẹ óò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ táyà ti di àríyànjiyàn láàárín wọn. Wọ́n á ní, "Táyà wo ni kì í jẹ́ kí mọ́tò jẹ epo?" Ọ̀kan á ní tuntun ni, èkejì á ní tòkunbọ̀ ni, ẹ̀kẹta á ní irọ́ ni gbogbo yín ń pa.

Ohun tó fà á kò fara sin. Kó tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 níbi tí wọ́n bá ti ń tà á ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kíá, ó ti sún mọ́ ₦500 l'Ékòó. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Dẹ́rẹ́bà ò lè fowó kún owó ọkọ̀ ní gbogbo àárọ̀, èrò á bá a jà. Ló bá di pé ara mọ́tò ló ń wò, bóyá yóò rí ibi tí yóò ti ṣọ́ owó ná.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí orí táyà yẹn náà ni ẹ̀yin, ọmọ ẹ̀yìn yín àti àpò ata yín jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí mò ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

ẸNU MẸ́TA NÍ ÌWÓ ROAD

Ta ni kò mọ Ìwó Road? Ọkọ̀ Èkó ńbẹ̀, ti Ifẹ̀ ńbẹ̀, ti Òṣogbo ńbẹ̀. Agbèrò ń pariwo, ọlọ́mi tútù ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, àwọn Micra ń fọn fèrè bí ẹni tí inú ń bí. Lábẹ́ agbòòrùn obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ni mo ti bá dẹ́rẹ́bà mẹ́ta tí wọ́n ń jẹun àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi.

Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ọmọ mi, táyà tuntun tó dáa ni táyà. Tí mo bá fi sí i, tí mo fẹ́ ẹ dé ojú ìwọ̀n, mo máa ń rí i pé gééjì epo kì í tètè wálẹ̀."

Èkejì, tó ń wa Micra, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ wo táyà ẹ̀yìn tèmi." A wò ó. Táyà ọ̀hún ti dán bí orí apárí, kò sí ilà kankan lára rẹ̀ mọ́. "Èyí tó ti dán yìí ló ń yí bí orógbó. Epo tí mò ń rà ti dín."

Ẹ̀kẹta nu ẹnu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn. Eré àsápajúdé ló ń jẹ epo. Ẹni tó bá rọra wa mọ́tò, epo rẹ̀ á pẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣe ìwádìí tán ni pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n òótọ́ ẹnìkejì yẹn, òótọ́ tó ń pa èèyàn ni.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ONÍTÁYÀ NÍ GATE

Láti Ìwó Road, mo wọ Micra lọ sí ọjà Aráròmí ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo bá ìyá kan níbẹ̀ tó to táyà jọ bí ẹni to ìkòkò. Mo ní, "Ẹ kú ọjà, mà. Ǹjẹ́ táyà tí kì í jẹ epo wà lóòótọ́?"

Ó ní, "Ó wà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè rẹ̀ tán, wọ́n á gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n á ní kí n gbé tòkunbọ̀ wá." Ó fa táyà tuntun kan yọ tí bébà ṣì wà lára rẹ̀. Bébà yìí, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú ẹgbẹ́ European Union ló sọ ọ́ di òfin láti ọdún 2012. Láti oṣù karùn-ún 2021, lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n ń lò, láti A dé E. Àwòrán ẹ̀rọ epo wà níbẹ̀, lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ bí táyà náà ṣe ń ṣọ́ epo ná. Àwòrán òjò tún wà, lẹ́tà tirẹ̀ ń sọ bí táyà náà ṣe ń di ilẹ̀ mú nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. A ló dára jù, E ló kéré jù. Ẹni tó bá ka lẹ́tà epo tí kò ka lẹ́tà òjò, ìdajì ọjà ló yẹ̀ wò.

Báwo ni táyà ṣe ń jẹ epo, nígbà tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì? Ẹ fọwọ́ kan táyà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ẹ óò rí i pé ó gbóná. Ibi tí táyà bá ti kan ilẹ̀, ẹrù á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bó bá ti yí kúrò, á tún padà sí bó ṣe wà. Títẹ̀ tó ń tẹ̀ tó ń padà yẹn ló ń mú un gbóná, epo tí ẹ fowó rà ló sì ń di ooru yẹn. Ní ọdún 1992, ilé iṣẹ́ Michelin ti ilẹ̀ Faransé gbé táyà kan jáde tí wọ́n po silica mọ́ rọ́bà rẹ̀, dípò púpọ̀ nínú èédú lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Silica yìí náà ló pọ̀ jù nínú yanrìn. Ó ń dín ooru yẹn kù, síbẹ̀ táyà náà ṣì ń di ilẹ̀ mú nínú òjò.

Èrè wo ló wà níbẹ̀? Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní 2006 pé bí a bá dín agbára tí táyà fi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn kù ní ìdá 10 nínú 100, epo á dín ní ìdá 1 sí 2 nínú 100. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Bí bọ́ọ̀sì kan bá ń ra epo ₦40,000 lóòjọ́, ohun tí yóò jèrè ni ₦400 sí ₦800. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, owó ni.

Ti táyà tó dán ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń yí fùyẹ́. Ẹran ara rẹ̀ ti tán, kò sí rọ́bà púpọ̀ tí yóò máa tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilà tó wà lára táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gọ́tà ni wọ́n, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde lábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá sí gọ́tà, omi á gbé táyà kúrò nílẹ̀, dẹ́rẹ́bà á máa yí ọwọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ò ní gbọ́ tirẹ̀.

IGI LÓ FI Ń DÁN AFẸ́FẸ́ WÒ

Mo padà wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yìí, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i, ó sì lé ní kìlómítà 120. A kọjá Toll Gate, oòrùn ń ràn, ọ̀dà ojú títì ń tàn yanran. Ìjókòó tó yẹ kí ènìyàn mẹ́ta jókòó sí, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé òrùlé. Bẹ́ẹ̀, táyà ní ìwọ̀n ẹrù tirẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Bí ẹ bá rí 91 lẹ́yìn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó, kílò 615 ni táyà kan yẹn lè gbé, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà tí wọ́n bá di ẹrù lé ju agbára rẹ̀ lọ á tẹ̀ jù, á gbóná jù, á sì jẹ epo jù.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ògèrè, níbi tí àwọn onítírélà máa ń sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá onítírélà kan tó mú igi lọ́wọ́, tó ń gbá táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ́tí. "Tó bá dún gbàn-ùn, afẹ́fẹ́ pé. Tó bá dún bọ̀ọ̀, ó ti lọ sílẹ̀." Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mi orí. Ó ní, "Bàbá, etí ò lè ka nọ́ńbà." Ó wá sọ fún mi pé àwọn oníbọ́ọ̀sì kan máa ń ní kí òun fẹ́ táyà wọn kó le bí òkúta, nítorí kó má baà jẹ epo. Àwọn mìíràn á sì wá pẹ̀lú táyà tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọn ò mọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Táyà tó le jù, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Kì í dúró bọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, kòtò kan ṣoṣo sì lè bẹ́ ẹ. Èyí tó rọ̀ jù ń tẹ̀ ṣáá, á máa gbóná títí okùn inú rẹ̀ á fi tú, tí yóò fi bẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi àmì 1 dín lójú gééjì, epo á fi ìdá 0.2 nínú 100 pọ̀ sí i. Bó bá fi àmì 10 dín, ìdá 2 nínú 100 nìyẹn. Ẹ rí i báyìí pé èrè tí a ń wá lọ sọ́dọ̀ táyà olówó gọbọi, afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́ lè fún wa tàbí kó gbà á lọ́wọ́ wa.

Nọ́ńbà tó yẹ wà lára ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, láàárín 30 sí 35 ló máa ń jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ sí ara táyà fúnra rẹ̀, òpin ibi tó lè gbà dé ni, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ débẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

ÒJÒ DÉ NÍ MÒWÉ

Bọ́ọ̀sì mìíràn ló gbé mi láti Ògèrè. Bí a ṣe ń sún mọ́ Mòwé ni òjò bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Obìnrin kan ń pe Jésù, àlàájà ẹ̀gbẹ́ mi ń fa tẹ̀sùbáà. Dẹ́rẹ́bà wa rọra ń lọ jẹ́jẹ́ títí a fi dé Berger. Nígbà tí èrò sọ̀ tán, mo wo táyà rẹ̀: ti iwájú dára, ti ẹ̀yìn ti ń dán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò pààrọ̀ ti ẹ̀yìn yìí?"

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó wá rọ̀. "Àbúrò, mọ́tò yìí kì í ṣe tèmi. Èmi ni mò ń ra epo, ọ̀gá ló yẹ kó ra táyà. Bí epo bá tán, ìyà tèmi ni, kò kan ọ̀gá. Bí táyà bá dán, mo sọ fún un, ó ní kí n ṣì máa lò ó. Owó tí mò ń jíṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ò sì dín. Èwo ni kí n ṣe?"

Mi ò rí èsì fún un. Gbogbo ohun tí mo ń wá láti Ìwó Road, inú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ló wà. Ẹni tó ń ra epo kọ́ ló ń ra táyà. Ẹni tó ni táyà kì í jókòó nínú ọkọ̀. Èrò tó jókòó sínú rẹ̀ kì í wo táyà. Àfi bí ọmọ tí ẹbí mẹ́ta jọ ń tọ́, tí kò sí ẹni tó fún un lóúnjẹ.

Dúníyàn sì ti yí padà. Ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt pa ilẹ̀kùn dé ní 2007, ti Dunlop n'Íkẹjà dẹ́kun ṣíṣe táyà ní 2008. Láti ìgbà náà, táyà òkè òkun ló gba ọjà. Òfin kọ̀ kí wọ́n máa kó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ ó pọ̀ lọ́jà. Rọ́bà sì ń gbó bí èèyàn, kódà bí wọ́n bá gbé e pa mọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, kí ẹ tó wọlé, ẹ yí ẹ̀yìn ọkọ̀ po. Bí ẹ ò bá rí ilà lára táyà, bí ẹ bá rí okùn tó yọ jáde, tàbí ibi tó wú bí eéwo, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn, àgàgà nígbà òjò. Ẹ má jẹ́ kí agbèrò fi ariwo tì yín wọlé.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ kó àjọ, tí ẹ fi ra bọ́ọ̀sì fún dẹ́rẹ́bà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ ra gééjì kan fún un. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ óò máa yọ díẹ̀ nínú owó ojoojúmọ́ sọ́tọ̀ fún táyà, kó di àjọ táyà. Bí dẹ́rẹ́bà bá wí fún yín pé ọ̀kan ti dán, ẹ má ní kó ṣì máa lò ó. Epo tí táyà dídán ń ṣọ́ ná kò tó owó pósí.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà àti ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ta ló yẹ kó ra táyà láàárín yín? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.