Bọ́tìnì Kọ́ Ló Ń Jí Ọ̀kadà

Ọ̀rọ̀ yìí tì mí lójú díẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́, bóyá ó máa ṣe ẹnì kan láǹfààní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀kadà ni mo fi ń bẹ àwọn ọmọ ìjọ wò. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù June 2022, Ìkòròdú tiwa ò sí níbẹ̀. Àmọ́ orúnkún ti ń dùn mí, kíìkì gbígbá ti wá di ìyà. Ni mo bá gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan, mo ní kó bá mi sọ ọ́ di oníbọ́tìnì.

Ọmọ náà mọṣẹ́. Ẹni tó ni ọ̀kadà yẹn ṣáájú mi ti yọ sítátà rẹ̀ tà, ó bá mi wá òmíì. Ó fa wáyà tó nípọn láti bátìrì lọ sí rílè, láti rílè lọ sí sítátà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi so bọ́tìnì mọ́ rílè. Mo ní kí ló dé tí kò so bọ́tìnì mọ́ ọn tààrà, kówó rílè lè dín. Ó rẹ́rìn-ín: "Dádì, iná tí sítátà ń fà pọ̀ gan-an, á yọ́ bọ́tìnì yẹn mọ́ yín lọ́wọ́. Bọ́tìnì kàn ń ránṣẹ́ ni. Rílè ló ń ṣílẹ̀kùn, bátìrì ló ń ṣiṣẹ́."

Mo tún ní kó yọ kíìkì kúrò, pé ó ń gbá mi lójúgun. Ó bẹ̀ mí: "Dádì, ẹ jẹ́ ó wà o. Ẹ ṣì máa wá a lọ́jọ́ kan." Mo ní, "Ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń tẹ̀, ó ń dáhùn. Ìrìn kúkúrú, ilé dé ilé, màá pa á, màá tún tẹ̀ ẹ́. Mo tún ń fi bátìrì yẹn cháàjì fóònù. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń fà jáde ti ju ohun tó ń wọlé lọ.

Lóru ọjọ́ kan ní Ìmọ̀tà, lẹ́yìn ìṣọ́ òru, ọmọ mú ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa. Kò sí mọ́tò. Ó gun ẹ̀yìn mi, ọkọ rẹ̀ dì í mú. Mo tẹ bọ́tìnì. Tá-tá-tá. Mo tún tẹ̀. Tá. Ó dákẹ́. Obìnrin yẹn ń ké létí mi, ẹsẹ̀ mi ń wá kíìkì tí mo ní kí wọ́n yọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rí àdúrà kankan gbà.

Ọkọ rẹ̀ ló pariwo: "Pásítọ̀ sà, ẹ jẹ́ ká tì í!" A sọ ìyàwó kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tì mí, mo fi í sí jíà kejì, mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó jí! Nínú ọ̀kadà tèmi, iná pílọ́ọ̀gì kì í ti ara bátìrì wá, yíyí ẹ́ńjìnnì ló ń mú un wá. Àánú tó kù fún wa nìyẹn. A dé ọsibítù ní Ìkòròdú. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti bí obìnrin, tìyátọmọ ń ṣe dáadáa. Ògo fún Ọlọ́run!

Mo padà sọ́dọ̀ rìwáyà, mo bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fa kíìkì yọ nínú àpótí: "Mo tọ́jú ẹ̀, sà. Mo mọ̀ pé ẹ máa padà wá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyè pásítọ̀ tí wọ́n ń pè mí, bọ́tìnì ni. Máíkì, bọ́tìnì ni. Tí kò bá sí nǹkan kan nínú bátìrì, ariwo lásán la ó máa gbọ́. Ẹ má sì fojú kéré ẹni tó mọṣẹ́ torí pé ẹ jù ú lọ.

A ò ní tẹ̀ ẹ́ kó má dáhùn lọ́jọ́ tó yẹ kó dáhùn, lórúkọ Jésù. Àmín yín dà?