Ọmọ Kéwú Wa àti Abẹ́rẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà

  Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ kan mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọmọ ilé-kéwú wa ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí ó ń sáré lọ sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun ń bá ìgbẹ́ jáde, gbogbo abúlé ló gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ní ṣúgà ló lá jù. Ìyá alágbo ń yà láràárọ̀. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀, a kò ní purọ́. A ṣe àdúà, a fún un ní oyin, nítorí a rántí hádíìsì ọkùnrin tó tọ Ànábì wá nítorí inú arákùnrin rẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá, ọmọ náà rù títí a fi lè ka egungun ìhà rẹ̀.

Ìgbà tí ó dákú lórí ìrun la gbé e lọ sí UCH n'Íbàdàn. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà bọ ojú ìdí rẹ̀, wọ́n wo ìfun ńlá, wọ́n sì mú bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì ṣe kòkòrò. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́hun dá sínú ara láti máa bá kòkòrò jà ló kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀, tí ó fi wú, tí ó di egbò. Ulcerative colitis ni wọ́n ń pè é. Ẹkejì rẹ̀, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ìdí, ni àrùn Crohn, tí dókítà Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1932. Oògùn ń mú un rọlẹ̀, kì í fà á tu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ó máa lo tirẹ̀ kódà bí ara bá yá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe ìwòsàn abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, acupuncture. Abẹ́rẹ́ náà kò ní oògùn nínú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Wọ́n á gún un sí ojúkò kọ̀ọ̀kan lára ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ikùn, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Àwọn kan nínú wa sáré pè é ní ẹbọ. Àwa kò rí ẹbọ níbẹ̀: kò sí ọfọ̀, kò sí òrìṣà. Híjámà tí Ànábì wa ṣe, àti ìwo tí àwọn Haúsá onígbàjámọ̀ fi ń fa ẹ̀jẹ̀, kò jìnnà sí i púpọ̀.

Ìrora dínkù, ọmọ ń sùn lóru. Ló bá dá oògùn dúró. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́, àwa náà ń dúpẹ́! Kò pé oṣù méjì tí ẹ̀jẹ̀ fi padà dé, tí ó fi di pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára.

Lẹ́yìn náà la tó lọ ka nǹkan nípa rẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n dán abẹ́rẹ́ yìí wò lára ènìyàn 51 tó ní àrùn Crohn, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004. Ní 2006, ti àwọn 29 tó ní irú èyí tó mú ọmọ wa jáde. Wọ́n gún àwọn kan sí ojúkò gidi, wọ́n kàn gún àwọn yòókù léréfèé síbi tí kì í ṣe ojúkò. Ara àwọn ti àkọ́kọ́ dẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí a gún síbi tí kò tọ́ náà ní ara tu àwọn díẹ̀. Ènìyàn wọ̀nyẹn kò pọ̀. A rí ìtura níbẹ̀. A kò rí ibi tí wọ́n ti ní kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù.

Hádíìsì oyin yẹn sì ń dà wá láàmú. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní í, a kò fiyè sí i pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń padà wá sọ bí ara aláìsàn ti rí. Àwa fún ọmọ ní oyin, a kò padà béèrè.

Ní báyìí, ó ń lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ṣì ń lọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dókítà rẹ̀ sì mọ̀. Àwa ń bá a lọ, kí wọ́n lè tú abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá níṣojú wa, nítorí abẹ́rẹ́ tí a ti fi gún ẹlòmíràn lè kó éèdì tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ ran ènìyàn. Dókítà ní kó má gba ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá. Ó sunkún. A ṣí Suratul Baqarah fún un, níbi tí Ọlọ́hun ti gba aláìsàn láyè láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, bàbá àgbẹ̀ kan láti Èrúnmu dá wa dúró lẹ́yìn ìrun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Áfáà, èmi náà ń rí i." A béèrè pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kórè àgbàdo. A mú bébà, a kọ ọjọ́ tí a ó jọ lọ sí ọsibítù sí i, ó ká a sínú fìlà rẹ̀.