Owó Taípù, Owó Ìjókòó

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ taípù ní Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìyára ìka ni wọ́n fi ń mọ ọmọ iṣẹ́ tó já fáfá. Wọ́n á fi aṣọ bo ọwọ́ wa mọ́ orí taípùráítà kí a má baà wo lẹ́tà, ọ̀gá á tẹjú mọ́ aago, àwa náà á máa tẹ̀. Ẹni tó bá tẹ àádọ́ta ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan ti di akọ̀wé gidi nìyẹn. Bó bá tún gbọ́ ìkọ̀wé kúkúrú ti Pitman mọ́ ọn, a ti mọ̀ pé Sẹkitéríàtì ní Agodi ló forí lé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ tí mo wá ń jẹ.

Kí àwa onítáípù tó gbòde, àwọn akọ̀wé lẹ́tà ló wà. Ẹ̀bá ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ tàbí ẹ̀yìn kóòtù ni wọ́n máa ń tẹ́ tábìlì sí. Ẹni tí kò mọ̀wé á ro tẹnu rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá àgbà, ẹjọ́ ilẹ̀, ìwáṣẹ́ lọ́dọ̀ Rélùwéè. Ìjọba àwọn òyìnbó ṣe òfin kan láti dáàbò bo aláìmọ̀wé, òfin náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tara rẹ̀ sí i, kí ayé lè mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo máa ń jowú àwọn bàbá yẹn. Nínú gbogbo CV tí mo ti bá àwọn tó ń wáṣẹ́ kọ, orúkọ mi kò sí lára ọ̀kankan. Ẹni tó ti gboyè ní yunifásítì kò ní fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹlòmíràn ló bá òun kọ̀wé.

Agbowó ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú taípùráítà Olympia àlòkù kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwé àṣekágbá ni mo fojú sí, wọ́n sì wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ mi kí n bá wọn tẹ CV lẹ́yìn tí wọ́n ti sìnrú ìlú tán. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó jáde ní àwọn ọdún 1970 kò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ló ń wọ inú ọgbà wá wọn. Ní ti àwọn tó ń padà sọ́dọ̀ mi yìí, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tán, wọ́n gba ilé lọ.

CV ìgbà náà ní bátànì tí kì í yẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìlú, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn, bóyá o ti gbéyàwó, iye ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ á tẹ̀ lé e láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o máa ń ṣe bí ọwọ́ bá dilẹ̀ náà ní àyè tirẹ̀: gbogbo ayé ló ń kàwé, gbogbo ayé ló ń rìnrìn àjò, títí kan àwọn tí mo mọ̀ dájú pé wọn kò kọjá Ìwó Road rí. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ olóyè tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe rí kì í gbà ju ìlà kan lọ. Agbanisíṣẹ́ á ka ojú ìwé kìn-ín-ní tán, á mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, kò ní mọ ohun tí o lè ṣe. Kì í ṣe àìgbọ́n ló fà á. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ti ní kí ìjọba àpapọ̀ pín ipò yí ìpínlẹ̀ ká, nítorí náà, ibi tí o ti wá lè gbà ọ́ wọlé, ó sì lè tì ọ́ síta.

Ìlà ìpínlẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń rántí bí ẹ̀rọ ṣe yí padà lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹjọ 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ Ìkìrun, Ẹdẹ àti Iléṣà tí mo ti bá tẹ CV rọ́ dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí padà, àmọ́ taípùráítà kì í gbọ́ ti ọ̀rọ̀ kan: odidi ojú ìwé ni mo máa tún tẹ̀, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù lábẹ́ rẹ̀. Bí ìka bá ṣìnà ní ìlà tó kẹ́yìn, Tipp-Ex á bo ti òkè, ti kábọ́ọ̀nù á ṣì máa wò mí. Owó wọlé fún mi lọ́dún yẹn, mi ò purọ́. Nígbà tí Èkìtì jáde lára Oǹdó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1996, mo ti ra kọ̀ǹpútà. WordPerfect ló wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ búlúù rokoṣo, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ọmọ Adó-Èkìtì kan mú dísìkì rẹ̀ wá. Mo pa Oǹdó rẹ́, mo tẹ Èkìtì, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí tábìlì. Ọmọ náà wò mí títí. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ṣé mo máa tún sanwó fún ìyẹn?” Owó bébà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé owó taípù ti ń rá nìyẹn.

Ohun mìíràn tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í gbà gbọ́ ni pé CV ìgbà náà kì í ní nọ́ńbà fóònù. Ilé mélòó ló ní fóònù NITEL? Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ẹlòmíràn la máa ń kọ sí i: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ti ń ṣe tíṣà. Ìwé ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè dé lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá. GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, káàdì ìpè sì wọ́n bí ojú, síbẹ̀ ẹni tó bá ti rí fóònù rà, CV rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé wá kí n fi nọ́ńbà sí i. Lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé, pẹ̀lú àwọn orúkọ ìnagijẹ tí kò ṣeé kà sétí ìyá ẹni. Mo máa ń lé wọn padà sí káfé kí wọ́n lọ ṣí òmíràn tó jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n.

Ní ìparí 2005, báǹkì 89 di 25, nítorí pé Báǹkì Àpapọ̀ ní kí olúkúlùkù ní bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà nílẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń wá bá mi, àgbà èèyàn tó wọ táì, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi bí ẹni tó ṣìnà. CV ọjọ́ tí wọ́n jáde ní yunifásítì ni wọ́n ṣì gbé dání. Ìpolówó iṣẹ́ sì ń sọ pé ẹni tó bá ti kọjá ọdún 26 kó má wulẹ̀ yọjú. Àwọn kan bẹ̀ mí kí n bá wọn gé ọjọ́ orí. Mo kọ̀, kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Irọ́ inú CV kì í dá rìn ni: ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé àgùnbánirọ̀, ìwé ìbúra kóòtù, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ jọ pa irọ́ kan náà, ó sì di dandan kí ọ̀kan já wọn kulẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì yẹn ni ìbéèrè méjì tí mo ń lò títí dòní ti jáde. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ wọn, orúkọ ipò ni wọ́n máa ń dá mi lóhùn, orúkọ ipò kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń wáṣẹ́ bíi tiwọn. Mo wá yí i padà: kí lo bá níbẹ̀ nígbà tí o dé? Kí lo fi sílẹ̀ nígbà tí o ń lọ?

Obìnrin kan wá, ó ti tọ́jú sítọ́ọ̀ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú CV rẹ̀ nípa ibẹ̀. Mo ní kí ló ń ṣe fún wọn. “Kò sí nǹkan kan, mà. Mo kàn ń bá wọn ṣọ́ ọjà ni.” Mo ní, kí lo bá níbẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Àgbàdo tí lọ́rì bá já kì í bá ti inú ìwé mu: ọgọ́rùn-ún àpò lórí ìwé, mẹ́rin á ti rá mọ́ ọ̀nà. Kí lo wá ṣe? Ó ní òun ra ìwé kan, òun ní kí òun àti awakọ̀ jọ máa ka àpò kí wọ́n tó já a, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Àwọn awakọ̀ gbà? Ọ̀kan bú òun débi pé ọ̀gá jáde síta. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àpò kò fi sọnù mọ́. Ìwé yẹn ńkọ́? “Wọ́n ṣì ń lò ó, mà. Ẹ̀ka wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ti ń lò ó.” Ẹni tó kàn ń ṣọ́ ọjà nìyẹn! Ìlà mẹ́ta la fi kọ ọ́: iye tó ń sọnù, ohun tó ṣe, ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé. A kò pè é ní aláápọn, a kò pè é ní olóòótọ́. Ẹni tó bá ka ìlà mẹ́ta yẹn á pè é bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó ń yin ara rẹ̀ kò nítìjú. Onírárà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ ohun tí bàbá ẹni ṣe. CV ní kí onílé jáde wá sun rárà ara rẹ̀. Ojú á sì máa tì wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kí oníbàárà sọ tẹnu rẹ̀ tán ní Yorùbá kí n tó tẹ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ohun tó rí nínú CV ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa kà sí mi létí.

Nígbà tí Bìrìtéènì ṣí físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ní 2022, kí wọ́n tó tún tì í ní 2025, ojú ìwé kìn-ín-ní àtijọ́ yẹn, ti ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìgbéyàwó, ló kọ́kọ́ kúrò nínú CV àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ síbẹ̀. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 2010 kò fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ torí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí ìgbéyàwó kọ èèyàn, nítorí náà kò sí ìdí láti kọ wọ́n síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Bàbá kan bínú sí mi gidigidi. “Ẹ ò wá kọ ọ́ pé mo níyàwó nílé? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé ìpáǹle ni mí?” Mo ní, “Ẹ má bínú, sà, wọn ò ní béèrè.” Ní ti iṣẹ́ ìjọba níbí, mo ṣì ń tẹ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sí i, torí wọ́n máa béèrè rẹ̀. CV méjì fún ẹni kan kì í ṣe tuntun mọ́.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti fi ẹ̀rọ síwájú èèyàn báyìí. Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ ka CV, ọ̀rọ̀ inú ìpolówó iṣẹ́ ló sì ń wá. Bí wọ́n bá ní àwọn ń fẹ́ ẹni tó mọ Excel, tí ìwọ kọ pé o mọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ lè máà rí ọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mú ìpolówó dání, a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń fi fóònù ṣe CV aláwọ̀ mèremère tó ní òpó méjì. Ẹ̀rọ mìíràn á ka òpó méjèèjì pọ̀, á di wótòwótò. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ohun tó tẹ́ ẹ̀rọ yìí lọ́rùn jù ni òpó kan, lẹ́tà dúdú, bébà funfun, bí èyí tí Olympia mi ń tẹ̀ gẹ́lẹ́.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, CV tí wọ́n ń gbé wá ti dán ju èyí tí mo lè kọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ́ ti ẹni mẹ́ta síwájú, orúkọ nìkan ni mo fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, torí kò sí ẹni tó sọ ti àpò àgbàdo fún ẹ̀rọ náà. Èmi náà ń lò ó, n kò ní tan yín, láti fi tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà ni mo ṣe yọ iye owó ojú ìwé kúrò lára ògiri. Ìjókòó ni mo ń díyelé báyìí, bó gba ojú ìwé kan, bó gba méjì. Wọ́n máa ń bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, “Mà, torí pé a jọ tàkúrọ̀sọ ni mo ṣe máa sanwó tó tó yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó san ìdajì, ó ní tí wọ́n bá pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun á mú ìyókù wá.