Irúgbìn Tó Wà Lókè Ààrò

Ní Ìkòròdú ìgbà èwe wa, kò sí ẹni tó ń wo kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé àsìkò gbíngbìn ti dé. Bí àgbálùmọ̀ bá ti ń tán lọ́jà, tí mángòrò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí àrá sì sán lójú ọ̀sà ní oṣù Kẹta, àwọn ìyá wa á ti máa wá ọkọ́. Síbẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ẹyọ kan kò tó wọn. Wọ́n á ní kí ilẹ̀ kọ́kọ́ tú ooru inú rẹ̀ jáde. Ó di ìgbà tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni màmá wa. Ojú omi ló so ìlú méjèèjì pọ̀ nígbà náà, ọjà Èjìnrìn sì wà láàárín wọn. Bí ìyá àgbà bá ti Ẹ̀pẹ́ fi ẹja yíyan ránṣẹ́, a máa ń bá irúgbìn ata nínú àkísà kékeré lábẹ́ ẹja náà. Ẹja la máa ń sáré sí. Àkísà ni màmá wa máa ń kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọgbà wa. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú àti ilá wà níwájú ilé ìdáná. Ata wà nídìí àkìtàn, níbi tí eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ti jẹrà. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà létí ọgbà, torí ewúrẹ́ kì í fẹ́ fara kan ẹ̀gún rẹ̀. Kì í so lọ́dún tí a gbìn ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kánjú.

Irúgbìn ewédú le. Màmá wa á dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ inú omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, wọ́n á yọ ọ́ kíá, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí àwo kó gbẹ. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ewédú tirẹ̀ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọ ọwọ́. Ti tẹ̀tẹ̀ kéré ní tirẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má baà já sójú kan.

Ilá tó bá kọ́kọ́ so, tó sì so dáadáa, wọ́n á so òwú pupa mọ́ ọn. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ já a. Á gbẹ sórí igi, wọ́n á wá fi kọ́ òkè ààrò, kí èéfín lé kòkòrò jìnnà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin já ọ̀kan sọ́bẹ̀ rí. Màmá wa kò nà án. Wọ́n kàn ní, “O ti fi ọbẹ̀ àmọ́dún jẹ ẹ̀bà lónìí.”

Mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation jáde ní 1976. Ilé ìwé ń dáko, bárékè ń dáko. Mo sọ fún màmá wa pé ìjọba ní kí gbogbo wa gbin oúnjẹ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ta ló ti ń bọ́ wọn látọjọ́ yìí?”

Ìlú ti fẹ̀ lóde òní. Ilé iṣẹ́ ti gba ilẹ̀ ní Odògùnyàn, simẹ́ńtì sì ti bo ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ojúgbà mi máa ń sọ pé ilẹ̀ tó tán ló pa ọgbà. Mi ò gbà. Ike ọ̀dà tí a dá ihò sí nídìí gba ilá, àpò ìrẹsì gba ewédú. Irúgbìn ló kúrò nílé. Ọdọọdún la ń rà á báyìí, òmíràn nínú rẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé bí a bá gbin ọmọ rẹ̀, kì í jọ ìyá rẹ̀.

Èyí kì í ṣe pé irúgbìn ilé ìwádìí kò dára. Láti 1975 ni ilé ìwádìí NIHORT ti wà ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, iṣẹ́ wọn sì wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irúgbìn bóyá ọmọ rẹ̀ ṣeé tún gbìn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún yìí, ẹ gbin ìwọ̀nba tí àyè yín gbà. Èyí tó bá kọ́kọ́ so dáadáa, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì bù nínú rẹ̀ fún aládùúgbò, torí irúgbìn tó bá wà nílé kan ṣoṣo kì í pẹ́ parun.