Láti Kejetia Dé Suame: Níbi Tí Irin Mọ́tò Ti Ń Di Irin Ìgbẹ́gi

Kò sí bí àlejò ṣe lè wọ Kumasi tí kò ní fojú ba Kejetia. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pàdé, ibẹ̀ ni ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú tro-tro ti ń bo ohùn ẹni tó ń dúnàá-dúrà mọ́lẹ̀. Ọjà ńlá tí àwọn ará Brazil kọ́ síbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ní 2019, ti sọ ojú àdúgbò náà di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n orúkọ Kumasi kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ló ti ń pàtẹ ní ilẹ̀ Ghana kí ìjọba Busia tó pàṣẹ, lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tí igi bá gbé wá sí Kumasi kì í pẹ́ ní Kejetia. Yóò wọkọ̀ lọ sí Ahwiaa lójú ọ̀nà Mampong, níbi tí àwọn agbẹ́gi ti ń gbẹ́ àpótí ìjókòó àwọn Àṣáńtì láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, láìlo ìṣó. Bí ó bá sì ń wá irin tí a fi ń gbẹ́ igi náà, Suame Magazine ni kó gbà lọ.

Ọgbà mẹkáníìkì ni Suame, bí kì í bá ṣe pé ìlú ni ká kúkú pè é. Jórinjórin, alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń tú mọ́tò palẹ̀ àti àwọn tó ń tò ó padà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ní 1980, Yunifásítì Kumasi dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ITTU, láti máa fi ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ran irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Irin sípíríìn ọkọ̀ tó ti gbó, tí ẹlòmíràn yóò gbé jù sí àkìtàn, ohun èlò ni lójú alágbẹ̀dẹ: a máa finá sí i, a lù ú, a rì í bọ omi tàbí òróró, yóò sì di irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi ṣíbí.

Wàhálà irin ẹlẹ́nu ṣíbí yìí wà nínú pípọ́n rẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí igi láti ṣe ẹsẹ̀ ibùsùn tàbí òpó àtẹ̀gùn. Igi tó ń yí lójú ẹ̀rọ a tètè mú irin kúnu, oníṣẹ́ a sì máa pọ́n ọn lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ ẹnu irin bá yàtọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, òkúta ìpọ́nrin yóò kọ́kọ́ jẹ irin púpọ̀ kó tó kan ibi tó yẹ kó mú. Irin tí ì bá lò fún ọdún mélòó kan yóò di kúkúté láìpẹ́. Èyí tó tún burú ni pé bí igun ẹnu rẹ̀ bá ṣẹ́ kù ṣóńṣó, igi lè gbá a mú lójijì, kó já a gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ìdìmú fi wúlò. Èyí tí òyìnbó ń tà wà, owó òkèèrè la sì ń san lé e, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí a fi ń ṣe é ni jórinjórin ní nílẹ̀. Páìpù onígun mẹ́rin kan ni a ó dè mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ ìpọ́nrin, tí yóò lè máa wọlé tàbí jáde. Ní orí rẹ̀ ni a ó jó irin méjì tó pàdé bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń gba omi. Lẹ́yìn náà ni a ó wá irin gbọọrọ kan tó ní ihò, tí irin ìgbẹ́gi yóò gba inú rẹ̀ kọjá, tí bóòtù kan yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kan yóò yọ lẹ́yìn ìdìmú yìí, orí ẹsẹ̀ náà ni yóò jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀hún. Oníṣẹ́ yóò kàn máa yí i sọ́tùn-ún, sósì, lójú òkúta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni gígùn irin tó yọ níwájú ìdìmú. Íǹṣì méjì ni o, íǹṣì kan ààbọ̀ ni o, kò yẹ kó yí padà. Pákó kékeré tí a kàn mọ́ orí tábìlì, tí a ó máa fi ẹnu irin gbún kí a tó dè é, ti tó fún ìwọ̀n. Kí a tó tan ẹ̀rọ, kí a fi yíǹkì kun ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a fi ọwọ́ yí òkúta díẹ̀. Bí yíǹkì bá ṣí kúrò níbi kan tó kù níbòmíràn, kí a sún páìpù títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣí dọ́gba.

Àgbà oníṣẹ́ lè fi í rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ òun ni ìdìmú òun. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ń fi òkúta àti omi pọ́n irin rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó dé láná kò tíì ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, irin ọ̀gá ni yóò sì fi kọ́ ọ.

Ohun kan wà tí ìdìmú kò lè ṣe: kò lè gba irin lọ́wọ́ ooru. Kí omi wà nítòsí, kí a máa rì í bọ̀ ọ́ léraléra. Bí ẹnu irin sípíríìn bá fi lè yí sí àwọ̀ aró lójú òkúta, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn, iwájú ewìrì alágbẹ̀dẹ ní Suame ni yóò padà sí.